Ẹsẹ̀ Ńlá Lábẹ́ Ọkọ̀ Kékeré

Ọkọ̀ tí bàbá mi fún mi kéré. N kò ní pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló ní, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í pariwo, kì í sì í mu epo púpọ̀, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mìíràn, ńṣe ló máa ń dà bí ọmọdé tí wọ́n mú wá sí ìpàdé àgbà. Olùkọ́ ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́, tí èmi náà sì ti parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí mi lórí tábìlì oúnjẹ.

Wọ́n ní, "Gbà. Máa fi gbé ìyá rẹ."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ń kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé òun nìkan ni ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, òun náà ni n kò ṣe lọ́jọ́ tó ṣe pàtàkì jù.

Ìyá tí bàbá mi ń wí kọ́ ló bí mi. Ẹni tó bí mi ti kú kí n tó mọ ènìyàn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi, nínú ilé kan náà tí gbogbo wa ń gbé ní Ẹdẹ títí di òní. "Ìyá" ni mò ń pè wọ́n. Àwọn náà ń pè mí ní "bàbá mi", nítorí pé ọdún tí bàbá tó bí wọn kú ni wọ́n bí mi. Gààrí ni wọ́n ń tà. Ní ọjọ́ ọjà, wọ́n á lọ rà á ní Sekona, wọ́n á sì kó o wá sí Ẹdẹ. Wọ́n sanra púpọ̀, wọn kì í sì í tijú rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fi ṣeré, wọ́n á ní, "Ọlọ́run ò fi ara dù mí, kí ni kí n wá fi dù ú?"

Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ti di tèmi ni mo ti ń gbé wọn lọ sí Sekona. Ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, ni àyè wọn. Bí wọ́n bá ti jókòó, ọkọ̀ á tẹ̀ díẹ̀ sápá kan. Bí a bá wá kó àpò gààrí sí i, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀. A máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Mo mọ̀ bí ọkọ̀ náà ṣe máa ń tẹ̀ bí ó bá rù. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tó mi. Ìdí nìyí tí n kò fi lè sọ pé àìmọ̀ ló ṣe mí.

Ilé àwọn òbí ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ ni nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, ní Awo. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń run orín. Ó ní jíípù kan tó ga débi pé ó ní àtẹ̀gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó wo ọkọ̀ mi bí mo ṣe ń gbé e sílẹ̀, ó yọ orín kúrò lẹ́nu.

Ó ní, "Ta ló bọ́ bàtà ọmọ ọwọ́ síwájú ilé wa?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Àfẹ́sọ́nà mi náà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, èyí ló sì dùn mí jù. Ọkùnrin náà kò ní ibi nínú. Lójú ẹsẹ̀ ló wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n fún mi ní ohun mímu tútù, ó bi mí léèrè iṣẹ́ mi. Mo sọ fún un pé mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní ẹ̀kọ́ ìṣirò, mo sì fi kún un pé fún ìgbà díẹ̀ ni. Kò bi mí bóyá fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bí ènìyàn bá bi mí ní ìbéèrè kan, mo máa ń dáhùn mẹ́ta, kí ó má baà rò pé mo kéré.

Mo gbé ọ̀rọ̀ bàtà ọmọ ọwọ́ yìí padà sí Ẹdẹ, n kò sì gbé e sílẹ̀ mọ́. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, nítorí ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé ìgbéraga ni. Kì í ṣe ìgbéraga. Ẹ̀rù ni. Mo ti kàwé, mo ti sin ìlú, síbẹ̀ bí mo bá dúró láàárín àwọn ọkùnrin tó ń ṣòwò, ó máa ń ṣe mí bíi pé wọ́n fẹ́ bi mí ta ni mo bá wá. Mo wá rò ó pé bí ọkọ̀ náà bá lè ga díẹ̀, kí ó dúró bí ọkọ̀ ọkùnrin, ẹ̀rù náà á dín. Mo mọ̀ pé kò bọ́gbọ́n mu. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà pẹ̀lú.

Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ní ọkọ̀ kékeré ní agbègbè àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa ló ti pààrọ̀ ríìmù ẹsẹ̀ ọkọ̀ wọn. Ríìmù irin dúdú tí wọ́n bá lára ọkọ̀ ni wọ́n ń bọ́ kúrò, wọ́n á fi aláwọ̀ fàdákà tó tóbi rọ́pò rẹ̀, tó máa ń kọ mọ̀nà bí oòrùn bá bà á. Ti ọkọ̀ mi jẹ́ íńṣì mẹ́tàlá. Èyí tí mo ń fẹ́ jẹ́ íńṣì mẹ́rìndínlógún. Bí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ bá wà níbi ìsinmi ọ̀sán, èmi á jókòó ní yàrá olùkọ́, màá máa wo àwòrán wọn lórí fóònù bí ẹni ń wo àwòrán ìyàwó.

Mo bi àfẹ́sọ́nà mi léèrè. Ó ní ọkọ̀ náà dára bó ṣe wà. N kò gbà á gbọ́, mo rò pé àánú mi ló ń ṣe é.

Mo bi bàbá mi. Wọ́n gbé ìwé ìròyìn tí wọ́n mú sún mọ́ ojú sílẹ̀.

Wọ́n ní, "Ṣé ọkọ̀ náà sọ fún ọ pé bàtà ń fún òun ni?"

Mo lọ bá mẹkáníìkì tó ti ń tọ́jú ọkọ̀ náà láti ìgbà bàbá mi. Àgbàlagbà ni, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ti kírun tán, ó ń ká ẹní rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó gbọ́ mi títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ fún mi: ẹsẹ̀ ọkọ̀ á wúwo, epo á máa lọ, ìdarí á le lọ́wọ́, táyà tó fẹ́lẹ́ kò ní lè gba kòtò sára fún ọkọ̀, táyà tó bá sì fẹ̀ jù á máa fi ara gbo irin tó bò ó lórí.

Ó ní, "Ẹni tó ṣe ọkọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó mọ ìdí tó fi fún un ní mẹ́tàlá. Ṣé ìwọ tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò ni n ó máa bá ṣírò èyí?"

Mo ní, "Bàbá, àwọn kan ti ṣe é, kò sì ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Ó ní, "Àwọn wo? Àwọn tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló máa ń wà nínú ọkọ̀ wọn?" Ó wò mí. "Ó dáa. Bí o bá máa ṣe é dandan, kó ènìyàn kún inú rẹ̀ kí o tó gbà á lọ́wọ́ àwọn tó bá bá ọ ṣe é. Má kó àwọn tín-ín-rín bíi tìẹ o. Kó àwọn ìyá sí i."

Ìmọ̀ràn tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni fún mi nìyẹn, n kò sì tẹ̀ lé e. Ojú tì mí ni. Báwo ni n ó ṣe sọ fún Ìyá pé kí wọ́n wá jókòó sínú ọkọ̀ kí n lè mọ̀ bóyá wọ́n wúwo jù? Mo rò pé àrífín ni. Mo ṣì rò bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí mo padà ṣe ju àrífín lọ.

Ẹni tó ta ríìmù náà fún mi jẹ́ ọ̀dọ́ bíi tèmi, tòkunbọ̀ ló ń tà. Nígbà tí ó gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sí i, ó rí i pé ẹnu irin tó bo táyà fẹ́ kàn án. Ó mú òòlù, ó lu irin náà wọ inú, ó ní àyè ti wà. A bọ́ sínú ọkọ̀, èmi àti òun, a wà á yípo àdúgbò lẹ́ẹ̀mejì. Àwa méjèèjì tí a bá so pọ̀ kò tó Ìyá kan. Kò sí ariwo kankan.

Ó ní, "Ọ̀gá, ó ti parí. Wọ́n á máa yà fún ọ lọ́nà báyìí."

Nígbà tí mo délé, Ìyá jáde wá pẹ̀lú ọwọ́ tí gààrí ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n yí ọkọ̀ náà po. Wọ́n fọwọ́ kan ríìmù kan, wọ́n tún fi etí ìró nu ibi tí ọwọ́ wọn kàn.

Wọ́n ní, "Bàbá mi, ó wuyì. N kò ní gùn ún lọ sí Sekona o. Wò ó, èmi kò tiẹ̀ ní í gùn ún rárá títí di ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ọ̀nà Awo ni n ó ti fi ṣí i."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n fẹ́ fi bọlá fún mi ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù, nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn wọ́n ń wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí ọjà, èmi nìkan sì ń wa ọkọ̀ kiri. Inú mi dùn. Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní inú mi kò dùn. Mo máa ń wo ara mi nínú gíláàsì ilé ìtajà bí mo bá ń kọjá. Òótọ́ ni pé ìdarí le, pé epo ń yára tán, pé gbogbo kòtò ń dé eyín mi. Mo ní yóò mọ́ mi lára.

Nínú ìdílé wa, ìyá ọkọ ló máa ń fi oyin kan ìyàwó lẹ́nu lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, tí á sì ṣe àdúrà sí i. Ó ti pẹ́ tí Ìyá ti ń múra iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Wọn kò bí ọmọ kankan. Èmi nìkan ni wọ́n ní tí wọ́n lè ṣe ìyá ọkọ fún. Ní Sekona ni wọ́n ti ra oyin náà lọ́wọ́ ọdẹ kan tí wọ́n mọ̀, wọ́n ní ti inú ìlú ti ní omi. Mo máa ń gbọ́ wọn ní yàrá, wọ́n ń ṣe àdúrà náà fún ara wọn, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un ṣe, bí ọmọ tó ń há ẹsẹ Bíbélì sórí fún àjọ̀dún ìkórè.

Ọjọ́ Sátidé ni. A háyà bọ́ọ̀sì kan fún àwọn ará ilé. Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé yọ orí jáde.

Ó ní, "Ìyá, ẹ wọ ibí. Àyè wà níwájú, ẹ ó na ẹsẹ̀ yín."

Ìyá ní, "Bọ́ọ̀sì kẹ̀? Ọmọ mi ní ọkọ̀, ẹ ní kí n wọ bọ́ọ̀sì. Ẹ máa lọ, a ó kọjá lára yín lọ́nà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀sì ṣáájú. Bàbá mi jókòó níwájú lọ́dọ̀ mi. Olórí ẹbí wa, bàbá àgbà tó fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀, jókòó lẹ́yìn lápá òsì. Ìyá bọ́ sí àyè wọn. Wọ́n gbé àpò dúdú wọn lé ẹsẹ̀, oyin wà nínú rẹ̀. Ogún iṣu, páálí ohun mímu mẹ́rin àti apẹ̀rẹ̀ èso ló wà nínú búùtù.

A kò tíì kúrò nínú ìlú nígbà tí a gun gegele kan tí wọ́n mọ sójú títì láti dín eré ọkọ̀ kù. Ohun kan ké nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún.

Ìyá ní, "Kí ló ń sunkún lábẹ́ mi yìí?"

Olórí ẹbí ní, "Bóyá iṣu ló ń yí."

 Mo ti mọ ohun tó jẹ́.  Gbogbo kòtò tí a bá wọ̀, yóò tún ké, nígbà tó yá kò dúró de kòtò mọ́. Mo ń rọra wà á bí ẹni gbé omi lérí. Bọ́ọ̀sì ti lọ tipẹ́.

Bàbá mi ní, "Rọ́bà ń jó."

Mo ní, "Ọ̀nà ni, sà. Oòrùn ti mú ọ̀dà títì gbóná."

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni. Bàbá mi yíjú sí mi, wọ́n sì tún yíjú síwájú.

Ó ti ku díẹ̀ kí a dé àárín ọ̀nà nígbà tí èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́yìn. Ọlọ́run bá mi ṣe é, àtíbàbà fọganáísà kan wà níwájú, ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà fún àwọn ọlọ́kadà. Ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ó fi ìka tọ́ka sí i fún mi.

Ó ní, "Ẹ wo ibi tí irin ti gé e. Ta ló lu irin yìí? Ó ti di ọ̀bẹ. Bí ẹ bá gbé ọkọ̀ lọ báyìí, táyà yìí á bẹ́ kí ẹ tó rìn jìnnà. Ẹ kò ní táyà mìíràn?"

Èyí tó wà ní ìpamọ́ jẹ́ íńṣì mẹ́tàlá, ti àtijọ́. Kò lè bá àwọn yòókù rìn. Òun náà rí i, ó mi orí.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn fúyẹ́, kí ẹ máa rọra lọ. Bóyá á gbé yín débẹ̀."

Kò sí ẹni tó wo ẹnikẹ́ni. Olórí ẹbí wo aago ọwọ́ wọn, wọ́n ní àwọn ará Awo máa ń bu ìtanràn lé ẹni tó bá pẹ́. Bàbá mi ń wo ilẹ̀. Èmi ń wo ríìmù náà. Ó mọ́, ó ń dán, eruku díẹ̀ ló wà lára rẹ̀.

Ìyá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní, "Ẹ má fi ara pamọ́ fún mi, mo ti mọ̀. Èmi ni ẹ̀yìn." Wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn.

Bàbá mi ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí èmi sọ̀."

Ìyá ní, "Kí bàbá ọkọ bá kẹ̀kẹ́ dé ilé àna? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Bí mo bá rí kẹ̀kẹ́ tó ń lọ sí Awo, mo lè bá yín débẹ̀ kí wọ́n tó ṣe àdúrà ìbẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Ìyá, n ó padà wá gbé yín. Bí mo bá ti já wọn sílẹ̀ báyìí ni n ó padà."

Wọ́n wò mí. "Wàá padà wá?"

"N ó padà wá, mà."

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹsẹ̀ wọn ti kan ilẹ̀, ọkọ̀ náà dìde. Kò dìde púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa rí i, fọganáísà náà rí i, Ìyá pàápàá yíjú padà, wọ́n sì rí i. N kò mọ bí n ó ṣe ṣàlàyé ohun tó wà lójú wọn. Kì í ṣe ìbínú. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n lọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọkùnrin náà, gèlè wọn ṣì dúró ṣánṣán, wọ́n juwọ́ sí wa pé kí a máa lọ.

A dé Awo. A pẹ́, wọ́n bu ìtanràn, olórí ẹbí fi àwàdà san án. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi wá pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Ó kí bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ó bá wa kó iṣu sílẹ̀ nínú búùtù. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà gan-an, bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kò wò ó.

Mo dúró díẹ̀ kí ó lè wò ó. Ó ní, "Àbúrò, wọlé, oòrùn ń pa ọ́."

Nínú ilé, wọ́n fi mí jókòó sáàárín. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó rí àyè yọ́ jáde lábẹ́ àwáwí pé mo fẹ́ tọ̀. Mo pe Ìyá lórí fóònù kí n lè sọ fún wọn pé mò ń bọ̀. Mo gbọ́ agogo rẹ̀ láti inú ọkọ̀ mi. Mo sún mọ́ ọn, mo wo inú rẹ̀. Àpò dúdú náà wà lórí àga, ní àyè wọn, fóònù ń tàn nínú rẹ̀. Wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ láìmú un. Fóònù, owó ọkọ̀, oyin, gbogbo rẹ̀ la gbé lọ.

Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà mi jáde wá sídìí jíípù rẹ̀, ó fẹ́ mú nǹkan.

Ó ní, "Ọkọ ìyàwó, ibo là ń lọ? Àbí a ti lé ọ lọ ni?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ó wo ojú mi, ó fi àwàdà sílẹ̀. "Ṣé kò sí o? Bí ó bá jẹ́ pé nǹkan lẹ gbàgbé, tàbí ẹnì kan ló kù lọ́nà, sọ. Jíípù nìyí. Kò ní pẹ́ tí n ó fi dé."

Mo ti ro ìṣẹ́jú yẹn lọ́nà púpọ̀. Mo ti sọ fún ara mi pé n kò fẹ́ dá ètò dúró. Mo ti sọ pé ó lè jẹ́ pé Ìyá ti rí kẹ̀kẹ́. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Bí mo bá ní kí ó lọ gbé wọn, yóò bi mí ìdí tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, n ó sì ní láti fi ẹsẹ̀ ọkọ̀ mi hàn án. Bí èmi fúnra mi bá sì gbé ọkọ̀ náà jáde níwájú rẹ̀, yóò gbọ́ tí ó ń ké. Mo ń bẹ̀rù kí ó tún rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Kò sí nǹkan kan, sà."

Mo padà wọlé.

Nígbà tí ó kan oyin, obìnrin tó ń darí ètò fún wọn mú àfẹ́sọ́nà mi wá kúnlẹ̀ níwájú àga kan tó ṣófo. Ó ní, "Ìyá ọkọ dà?"

Olórí ẹbí ní, "Wọ́n ń bọ̀ lẹ́yìn."

Wọ́n dúró díẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹnu ọ̀nà, èmi náà wò ó, bíi pé n kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí ìyàwó ilé wa, ẹni tó ní kí Ìyá wọ bọ́ọ̀sì, wá jókòó. Oyin àwọn ará ilé ìyàwó ni ó fi kàn án lẹ́nu. Àdúrà rẹ̀ kúrú. Àwọn ènìyàn ṣe àmín.

Bí a ṣe ń padà, ọkọ̀ náà kò ké rárá. Búùtù ti ṣófo. A dé ibi àtíbàbà náà, bẹ́ǹṣì náà ṣófo pẹ̀lú. Ọkùnrin náà wá bá wa lójú fèrèsé.

Ó ní, "Ìyá yẹn dúró dè yín o. Gbogbo ọkọ̀ tó bá ti ọ̀nà Awo yọ ni wọ́n ń dìde sí. Nígbà tó pẹ́, mo bá wọn dá ọlọ́kadà dúró, ó gbé wọn padà sí Ẹdẹ. Wọ́n tú gèlè wọn kí wọ́n tó gùn ún, kí atẹ́gùn má baà gbé e."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. A tẹ̀ síwájú. Bàbá mi yíjú wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

Wọ́n ní, "Ogún iṣu. Iṣu ló yẹ kí a sọ̀ kalẹ̀."

Olórí ẹbí mí kanlẹ̀. Òótọ́ ni. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni ì bá gbà wá láti kó iṣu àti páálí sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì yẹn, kí bọ́ọ̀sì padà wá kó wọn. A ò rò ó. A jẹ́ ènìyàn tí kì í fi ọwọ́ òfo lọ sí ilé àna, nítorí náà kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ènìyàn la wò, a wo ẹni tó wúwo jù.

Ìró ilé ni mo bá lára Ìyá nígbà tí a délé. Wọ́n ń ku gààrí.

Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n gbà wá?"

Mo ní, "Wọ́n gbà wá, mà."

"A dúpẹ́. Ta ló fi oyin kàn án?"

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní ó dára, ó mọ àdúrà ṣe. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ṣàlàyé jù. Mo sọ ti irin, ti òòlù, ti ètò tí kò ṣeé dá dúró. Mo sọ ohun gbogbo àyàfi ti jíípù. Wọ́n gba àpò wọn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mú oyin náà jáde, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ.

Wọ́n ní, "Dìde, bàbá mi. Èmi kò bá ọ jà. Mo wúwo, ọkọ̀ rẹ ò lè gbé mi. Ó tán."

Lọ́jọ́ Ajé ni mo bọ́ ríìmù náà. Mẹkáníìkì àgbà náà bá mi dá mẹ́tàlá padà, kò sì bi mí ní ìbéèrè kan, bóyá ó ti gbọ́. Mo wá sílé, mo sọ fún Ìyá pé ọkọ̀ ti padà sí bó ṣe wà, pé kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wá wò ó. Wọ́n ní ó dára bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, mo jí, mo nu àga ẹ̀yìn, mo dúró dè wọ́n níta. Wọ́n ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde, wọ́n ti wọ kẹ̀kẹ́.

Ó ti di oṣù díẹ̀ báyìí. Wọn kò bínú sí mi, èyí ló ń dẹ́rù bà mí. Wọ́n ń bu oúnjẹ fún mi, wọ́n ń bi mí nípa àfẹ́sọ́nà mi, wọ́n ń fi mí ṣàwàdà fún àwọn aládùúgbò. Wọ́n á ní, "Ẹ bá mi kí ọ̀gá dẹ́rẹ́bà." Ọkọ̀ nìkan ni wọn kì í wọ̀. Bí mo bá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn fẹ́ fẹsẹ̀ rìn díẹ̀, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbéyàwó wa kù sí dẹ̀dẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí èmi fúnra mi gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn.

Wọ́n ní, "Bọ́ọ̀sì á wà."

Lọ́jọ́ ọjà tó lọ yìí, mo lọ sí Sekona láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń ra gààrí. Wọ́n ti rà tó àpò mẹ́ta. Obìnrin tó ń tà á fún wọn ní, "Ìyá, ọmọ yín ti gbé ọkọ̀ dé. Ẹ ti bọ́."

Ìyá ní, "Ó káre. Bàbá mi, bá mi gbé gààrí."

Mo gbé àpò kan sí búùtù. Mo gbé ìkejì sí i. Ẹ̀kẹta kò gba ibẹ̀ mọ́. Ìyá ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún fún mi, wọ́n ní kí n gbé e síbẹ̀. Mo gbé e síbẹ̀. Wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí ó jókòó dáadáa, wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì na ọwọ́ sí kẹ̀kẹ́ tó ń bọ̀.

Kẹ̀kẹ́ náà ló ṣáájú, èmi tẹ̀ lé e. Láti Sekona títí dé Ẹdẹ, mo ń wo ẹ̀yìn orí wọn nínú rẹ̀. Ọkọ̀ mi tẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún. Kò ké.